Ẹja Àrọ̀ Tí Mo Gbé Dé Manchester

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú wa balẹ̀ sí Manchester, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú òjò tí a mọ̀. Kò dún, kò sì jọ pé ó ń já bọ́ láti ibì kan. Ó kàn wà nínú afẹ́fẹ́ bí èéfín, ó ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ọ̀run sún mọ́lẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọn ò tíì fọ̀. Mo wá oòrùn títí, mi ò rí i, mi ò tiẹ̀ mọ apá ibi tí ì bá wà. Wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́. Ojú mi ní kò tíì mọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Mi ò kàwé púpọ̀, Bíbélì Yorùbá ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni màá ṣe kọ ọ́. Ẹ óò gbọ́ nípa òtútù, ẹ óò gbọ́ nípa oúnjẹ. Ṣùgbọ́n orí ẹja ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé, torí ẹja yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi.

*

Ẹ mọ Bọ́láńlé, ọmọ mi obìnrin. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò yé mi fún ìgbà pípẹ́, àfi ìgbà tó fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn kan ní Manchester ń fi owó ránṣẹ́ sí oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kòkòrò HIV, àti àwọn tí òbí wọn ti kú. Bọ́láńlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń lọ wò ó bóyá ìtọ́jú náà dé ara ọmọ. Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn lójoojúmọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun? Ṣé wọ́n ń lọ sílé-ìwé? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń sùn? Ó ti lọ Malawi, ó ti lọ Zambia, ó ti lọ Uganda. Ohun tó bá rí ló máa ń kọ, ohun tó bá kọ ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ lé.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìlú tiwa náà wà lára ibi tí wọ́n ń wò.

Ẹ mọ Ìyá Ṣẹ́gun náà, èyí tó kó àwọn ọmọ jọ sínú ilé ńlá tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé girama. Àwọn ọmọ tí ẹbí wọn kò fẹ́ kí wọ́n bá àwọn jẹun nínú abọ́ kan náà, òun ló gbà wọ́n. Nígbà tó ku ọ̀la kí n gbéra, ó gbé páálí kan wá. Ẹja àrọ̀ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n yan gbẹ dáadáa, tí wọ́n ká bí òrùka, tó ń dán. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi gbé e fún Bọ́láńlé. Ẹ sọ fún un pé kó rántí àwọn ọmọ wa o." Mo dúpẹ́, mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà. Ta ni nínú yín tí wọ́n máa fi ẹrù rán sí ọmọ rẹ̀ tí kò ní gbà? Gbogbo àdúgbò ló kúkú rán mi níṣẹ́: ẹ̀lùbọ́, gààrì, ẹ̀gúsí, ọṣẹ dúdú. Mo fi bébà ìwé ìròyìn wé ẹja, mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í sáàárín ìró mi. Síbẹ̀ ó ń rùn.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Manchester, ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. Nílé tiwa, ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ka iye rẹ̀ jáde lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ iye wọn lẹ́nu mi. Mo sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ pé Ọlọ́run fún mi, wọ́n pọ̀. Ó wò mí. Ó tún bi mí pé mélòó ló wà ní ilẹ̀ àwọn. Mo ní ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi bí òkúta. Gbogbo àsìkò tó fi ń wo ìwé ìrìnnà mi ni mò ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n pé kí ọ̀kan tí mo kà yẹn má ṣe mí léṣe.

Obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ tún ní kí n ṣí ẹrù mi. Ó kan ẹja. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní ọmọ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Mo rò pé wàhálà ẹja ti parí síbẹ̀.

*

Ilé wọn wà ní Ardwick, ilé bíríkì pupa tó lẹ̀ mọ́ ilé mìíràn, tó tún lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí dé ìparí òpópónà. Ẹ lè gbọ́ ikọ́ aládùúgbò láti inú ògiri, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé ibẹ̀ pẹ́ kí ẹ má mọ ojú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo kanlẹ̀kùn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún láti kí i kú àárọ̀. Ó sáré jáde, ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé iná ń jó ni. Nígbà tó rí i pé mo kàn wá kí i ni, ó dúró, kò mọ ohun tó máa ṣe.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ló máa bẹ̀ yín. Gbogbo wọn ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan bi mí pé ṣé àlàáfíà ni mo wà. Inú mi dùn pé ẹnì kan béèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé eékún mi fún un, bó ṣe ń ro mí tí òtútù bá mú. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi nínú òjò. Tiwa, ọmọ Bọ́láńlé, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, fà mí láṣọ. "Màmá àgbà, yeah nìkan lẹ máa sọ."

Oúnjẹ wọn kò ní ariwo. Ẹ̀wà wọn dùn bí ṣúgà, tíì wọn sì ti ní mílíìkì kí wọ́n tó gbé e fún yín. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé, torí Bọ́láńlé àti ọkọ rẹ̀ kì í sinmi. Káyọ̀dé, ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́ nílé, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ló ń gbé sókè gbé sílẹ̀ báyìí nílé ìtọ́jú kan ní Eccles. Tó bá dé, á dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, á ní "Màmá, ẹ̀yìn mi," á sì sùn lọ.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nínú ilé yẹn ni pé fíísà gbogbo wọn so mọ́ iṣẹ́ Bọ́láńlé. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi gbà á wọlé. Òun ni Káyọ̀dé àti Tiwa sì bá wọlé. Tí iṣẹ́ bá bọ́, gbogbo rẹ̀ bọ́. Wọn kì í sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n tí fóònù Bọ́láńlé bá dún láti ọ́fíìsì, Káyọ̀dé máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí tó fi máa gbé e sílẹ̀.

Ní ti ẹja, ìgbà tí mo ń tú ẹrù mi, mo pe Bọ́láńlé pé kó wá gbọ́ orúkọ àwọn tó fi nǹkan ránṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀. Mo kó ẹja sínú fírísà, a sì ń jẹ ẹ́ lọ.

*

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Bọ́láńlé ní ọ̀gá òun ń bọ̀ wá kí mi. Ará Uganda ni obìnrin náà, Grace lorúkọ rẹ̀. Bọ́láńlé ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní Grace bẹ́ẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀ láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ní ẹni tó ń sanwó fún ẹ? Ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Grace wọlé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí n sì tó dìde, ó ti fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ́láńlé ní bí àwọn obìnrin ìlú wọn náà ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Mo fà á dìde, mo gbá a mọ́ra. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yẹn, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi débi tí mo fi mọ̀ lára pé wọ́n kí mi.

Ìdùnnú yẹn ló mú mi lọ mú èyí tó tóbi jù nínú ẹja. Mo fi se ọbẹ̀ ata, mo ro ẹ̀bà. Grace fọwọ́ jẹ ẹ́, ó ń fa egungun ẹja, ó ń mi orí. Ó ní ẹja yìí rán òun létí adágún ìlú àwọn. Ó wá béèrè ibi tí mo ti rí i.

Bọ́láńlé túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ń bù sí i fún àlejò.

Mo ní, "Sọ fún un pé Ìyá Ṣẹ́gun ló fi rán mi sí ẹ. Èyí tó ní àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé girama. Ó ní kí o rántí àwọn ọmọ òun."

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ Bọ́láńlé dúró sí àárín abọ́ àti ẹnu. Ó fi í sílẹ̀. Ó kọjú sí Grace, ó sọ fún un pé ilé ni mo ti gbé e wá. Gẹ̀ẹ́sì mi kéré, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ mi kúrú.

*

Lẹ́yìn tí Grace lọ, Bọ́láńlé dúró nídìí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, omi ń dà, kò fọ nǹkan kan. Ó sọ fún mi pé òun lòun máa lọ wo ilé Ìyá Ṣẹ́gun lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí pé ó gbọ́ Yorùbá ni wọ́n ṣe yàn án. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ torí wọn kì í sọ irú ẹ̀ síta. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá máa yẹ ilé èèyàn wò kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ onílé. A ti gbà. A ti jẹ. Ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí ohun tó bá kọ náà ti jẹ, ó sì lá ọwọ́.

Káyọ̀dé ní, "Ẹja ni, Bọ́lá. Ẹja lásán. A ti jẹ ẹ́ tán. Ṣé wọ́n máa là wá nínú wò ni?"

Bọ́láńlé kò rẹ́rìn-ín.

Káyọ̀dé ní, "Jọ̀ọ́, má fi ẹnu ara ẹ kó bá wa. Tí iṣẹ́ yẹn bá lọ, fíísà lọ nìyẹn. Ṣé ilé-ìwé Ṣàgámù lo fẹ́ kí Tiwa padà sí?"

Mo ní, "Kí ló ṣe ilé-ìwé Ṣàgámù? Ṣebí ibẹ̀ ni ìwọ náà ti jáde."

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò sọ ọ́ báyẹn."

Bọ́láńlé wá pa omi. Ó ní tí ìyá kan ní Malawi bá parọ́ fún òun lórí ohun tí ọmọ jẹ, òun máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Báwo lòun ṣe máa wá dákẹ́ lórí ohun tí òun fúnra òun jẹ?

Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n máa lé ẹ?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ láyé mi. Èyí tí ọmọ mi sọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo rò ó pé èmi tí mo wá ràn wọ́n lọ́wọ́, èmi ni mo gbé ohun tó fẹ́ lé wọn kúrò nílẹ̀ yẹn wọlé, tí mo fi ìró mi wé e. Mo dìde, mo ní mò ń bá a lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní kò pọn dandan. Mo ní ọwọ́ mi ni ẹja gbà wọlé.

*

Mo wọ kóòtù Káyọ̀dé, ó gùn dé kókósẹ̀ mi. Ilé gíláàsì ni ọ́fíìsì wọn, kódà inú rẹ̀, gíláàsì ló pín yàrá sí yàrá. Wọ́n ní kí n jókòó síta yàrá kan. Àwòrán àwọn ọmọ wà lára ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sí orúkọ lábẹ́ wọn. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ olórí pupa káàkiri. Mo wá Nàìjíríà, mo rí i. Abẹ́rẹ́ kan dúró síbi tí mo rò pé ilé wa wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan gbé tíì àti bisikíìtì wá fún mi pẹ̀lú ọ̀yàyà. Mo wo bisikíìtì yẹn. Mo ní láéláé, mi ò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí. Mo kàn ń mi orí títí ó fi lọ.

Mo ń rí wọn láti inú gíláàsì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu Bọ́láńlé ń lọ. Ó fọwọ́ sáyà. Grace bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo sọ nínú mi pé ó ti parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí a ṣe máa kó ẹrù, ohun tí a máa sọ fún Tiwa. Lẹ́yìn náà wọ́n pè mí wọlé.

Grace fi àga fún mi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń dúró kí Bọ́láńlé túmọ̀ rẹ̀. "Sọ fún Màmá pé ẹja náà dùn. Bó ṣe dùn yẹn gan-an ni ìyọnu rẹ̀." Ó ní òun náà jẹ ẹ́, òun náà máa kọ tòun, àwọn tó wà lókè ló máa pinnu ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ó wá bi mí pé níbo ni obìnrin náà ti rí ẹja tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní inú kòtò omi tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti ń sìn ín. Mo rò pé mò ń fi yé wọn pé kì í ṣe ohun tó nira fún un láti fún wa. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

A dé ìta kí Bọ́láńlé tó ṣàlàyé fún mi. Àwọn ará Manchester ló san owó gbígbẹ́ kòtò yẹn, kí àwọn ọmọ lè máa rí ẹja jẹ, torí oògùn wọn le, kò ṣeé gbé mì lórí ikùn òfìfo. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń lọ wò ni bóyá ẹja náà ń dé abọ́ àwọn ọmọ.

Afẹ́fẹ́ gbá mi lójú. Mo rántí ẹja ńlá tí mo yàn fún àlejò.

*

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gùn. Mo ń fọ ohun tí mo ti fọ̀. Ẹja tó kù nínú fírísà, wọ́n ní Bọ́láńlé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kò sì ṣeé dá padà. Ó dà á sínú ike ìdọ̀tí. Mo dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ ìdọ̀tí fi gbé e lọ.

Tiwa gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó bi mí bóyá àwọn máa lọ sílé. Mo ní ilé wo? Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yé èmi náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ́láńlé wọlé, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Màmá." Káyọ̀dé ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́. Ó di ẹsẹ̀ kan mú.

"Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ."

Káyọ̀dé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó fọwọ́ bojú. Bọ́láńlé ní wọ́n kìlọ̀ fún òun àti Grace, ìkìlọ̀ náà sì máa wà nínú fáìlì wọn. Àwọn méjèèjì kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́. Ọkùnrin ará Ghana kan ló máa lọ dípò wọn. Bọ́láńlé ti ń retí láti wá sílé láti ọdún tó kọjá, kó wá rí yín, kó sùn nínú yàrá rẹ̀ àtijọ́. Kò sọ ìyẹn. Èmi ni mò ń sọ ọ́.

Nígbà tí àkókò mi pé, wọ́n sìn mí dé pápákọ̀ òfuurufú nínú òjò èéfín yẹn kan náà. Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ọ̀rá kan, ó ní kí n bá òun gbé e fún ìyá òun ní Ṣàgámù. Mo bi í kí ló wà níbẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀, kí ni iṣẹ́ ìyá náà. Ojú tì í díẹ̀. Bọ́láńlé wo ibòmíràn, mo sì rí i pé ẹ̀rín ló ń bá jà. Aṣọ àwọ̀sùn ni. Mo gbà á.

*

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ ìlú. Ooru dì mọ́ mi lára bí ọmọ tó ti sọ mí nù tipẹ́.

Ọjọ́ kejì, mo jí lọ sọ́jà, mo ra ẹja àrọ̀ tútù, àwọn tó ṣì ń jà nínú ike. Mo gbé e lọ sílé Ìyá Ṣẹ́gun. Ó jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ìrẹsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ó yára dìde.

Ó ní, "Wọ́n wá, Màmá. Ọkùnrin Ghana kan. Ọ̀rọ̀ ẹja ló kọ́kọ́ bi mí kó tó jókòó. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní àwọn ò ní ti ilé yìí o. Ṣùgbọ́n ẹja kankan ò gbọdọ̀ jáde lọ́gbà yìí mọ́ láìjẹ́ pé àwọn mọ̀." Ó ń fọwọ́ da ìrẹsì síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀bùn ni mo fún yín. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀bùn ni."

"Mo mọ̀. Ẹja àwọn ọmọ ni, kì í ṣe tìẹ, Ìyá Ṣẹ́gun. Èmi náà kò béèrè."

Ó wo ike tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ gbé e wá sí ilé ìdáná. Ọ̀bẹ wa kò mú o."

Mo ní mo mú tèmi wá. Mo fi eérú fọ ẹja, mo gé e, mo fi iyọ̀ sí i. Ìyá Ṣẹ́gun lọ ata. Nígbà tí àwọn ọmọ ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú aṣọ wọn tí wọ́n ti fi eruku pa láró, ọbẹ̀ ti hó. Mo jókòó sórí àpótí nídìí ìkòkò, mo ń bù ú fún wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ẹja sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Mi ò ka iye wọn. Mo ń bù ú lọ títí kò fi sí ọwọ́ kankan tó ṣófo níwájú mi mọ́.